Olótùú ní mo kọ ìròyìn, pé mi ò ṣiṣẹ́ akọ̀ròyìn. Kí ni mo fi sílẹ̀?

OṣùMẹ́ta:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Oṣù kẹta rèé tí mo wọ iṣẹ́ akọ̀ròyìn níléeṣẹ́ ìwé ìròyìn kan tí mi ò ní dárúkọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, iná jó ilé alájà mẹ́ta kan lóru. Kí n tó débẹ̀ ni wọ́n ti ń pín in kiri lórí WhatsApp pé èèyàn márùn-ún ló kú. Mo bá ọkùnrin kan níwájú ilé náà, òun náà ní márùn-ún ni. Mo bá kọ márùn-ún. Mo tún kọ ọ́ pé onílé ló ń kó epo pẹtiróòlù pamọ́ sábẹ́ àtẹ̀gùn, torí gbogbo ẹni tó dúró níbẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹni méjì ló kú. Àwọn mẹ́ta tó kù wà nílé ìwòsàn, wọ́n ń mí. Onílé pe iléeṣẹ́ wa, ó ní kò sẹ́ni tó bi òun ní ohunkóhun, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà òun wà lára ògiri ilé náà gàdàgbà, níbi tí iná ò tiẹ̀ jó dé.

Olótùú mi ò pariwo mọ́ mi. Ó kàn ní, "Ìròyìn lo kọ, o ò ṣiṣẹ́ akọ̀ròyìn." Ọjọ́ mẹ́fà rèé, ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ní lọ́kàn? Bí mo bá gbọ́ nǹkan tí mo sì kọ ọ́, kí ló tún kù?

ÀgbàRẹ́díò:
Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Gbogbo wa la ti jẹ irú ìyà yẹn rí. Ẹni tó bá ní òun ò jẹ ẹ́ rí, á jẹ́ pé kò tíì kọ nǹkan kan ni.

Ohun tí olótùú rẹ ń sọ ò le. Kíkọ ló kẹ́yìn iṣẹ́. Wíwádìí niṣẹ́ gan-an, ìbéèrè kan ṣoṣo ló sì gbé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀: "Báwo lẹ ṣe mọ̀?" Kò sí ìwọ̀sí nínú rẹ̀ bó o bá fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè. Lọ́dún kan tí ọkọ̀ ojú omi kan dojú dé, mo bá bàbá kan létí omi tó ń sọ fún gbogbo ayé pé ogún èèyàn ló bómi lọ. Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ rí wọn?" Ó ní, "Ogún! Mo ní ogún!" Mo ní, "Ṣé ẹ̀yin fúnra yín lẹ kà wọ́n?" Ó ní rárá, ìyàwó òun ló sọ fún òun. Mo wá ìyàwó lọ. Ìyàwó ní ẹnu awakọ̀ kan lòun ti gbọ́ ọ. Awakọ̀ yẹn ò jìnnà, ó ń jẹun nínú ọkọ̀ rẹ̀. Ó ní orí fóònù lòun ti kà á. Mo ti rò pé ẹlẹ́rìí mẹ́ta ni mo ní. Ẹyọ kan ni, ẹni yẹn gan-an ò sì sí létí omi.

Láti ọjọ́ yẹn, kí n tó kúrò nílé ni mo ti máa ń fa ìlà méjì sórí ìwé mi kó lè pín sọ́nà mẹ́ta. Apá kìíní, ohun tí mo fojú ara mi rí. Apá kejì, ohun tí ẹnìkan rí tó sọ fún mi, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti ibi tó dúró sí nígbà tó rí i. Apá kẹta, "wọ́n ní". Wọ́n-ní ò gbọ́dọ̀ wọnú ìròyìn, àmọ́ mi ò kì í jù ú nù, torí ibẹ̀ ni mo ti ń mọ ibi tó yẹ kí n gbé ẹsẹ̀ lé. Epo abẹ́ àtẹ̀gùn tìrẹ yẹn, apá kẹta ló yẹ kó wà títí wàá fi rí ẹni tó rí kẹ́ẹ̀gì.

Ní ti òkú, ẹni tó ń ka òkú ni kó o bi: panapaná, ọlọ́pàá, ilé ìwòsàn. Iye tí wọ́n máa dá lè má bára mu ní wákàtí àkọ́kọ́. Kọ ẹni tó sọ ọ́, kó o sì kọ aago tó sọ ọ́: "Títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, panapaná ní ẹni méjì ló kú." Bó bá yí padà ní aago mẹ́fà, o ò parọ́.

OlótùúÒru:
Ẹ̀gbọ́n ti sọ èyí tó pọ̀. Èmi máa sọ ti onílé, torí òun ló ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. O fi ẹ̀sùn tó lè gbé ènìyàn dé ẹ̀wọ̀n kan ọkùnrin kan, o ò sì pè é. Tó bá jẹ́ èmi ni mo wà nídìí iṣẹ́ lóru yẹn, ìlà yẹn ò ní jáde.

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ fún gbogbo ẹ̀yin ọmọ tuntun. Kí ẹ tó kọ "a ò rí i bá sọ̀rọ̀", ẹ rí i pé ẹ wá a lóòótọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ẹ pè é ní aago mọ́kànlá alẹ́ kọ́ là ń pè ní wíwá. Ẹ pè é, ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ẹ lọ sílé rẹ̀ tàbí ibiiṣẹ́ rẹ̀, ẹ bá agbẹjọ́rò rẹ̀ sọ̀rọ̀ bó bá ní. Nígbà tẹ́ ẹ bá sì rí i, ẹ má kàn bi í lásán pé "kí lẹ rí sí ọ̀rọ̀ iná yìí?" Ẹ sọ ẹ̀sùn náà fún un ní kíkún: "Àwọn aládùúgbò ní ẹ̀ ń kó epo sábẹ́ àtẹ̀gùn. Ṣé òótọ́ ni?" Ẹ fún un láyè tó lè fi fèsì. Bó bá fi ìbínú já fóònù, ẹ kọ ọ́ pé ó kọ̀ láti sọ̀rọ̀. Ẹ má kọ ọ́ pé ó fi ìbínú já a.

Kí n tó lọ: mo mọ bí ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ rẹ ṣe máa rí láìkà á. "Ṣe ni ọ̀rọ̀ di bó ò lọ o yà fún mi lọ́jọ́ Ajé, nígbà tí iná ọmọ ọ̀rara ṣẹ́yọ, tí ẹkún sì ń pe ẹkún rán níṣẹ́..." Mo bẹ̀ ọ́. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń fi gègé pupa fa gbólóhùn yẹn yọ, ó ṣì ń wá. Òǹkàwé ti ka ìlà mẹ́ta, kò tíì mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni kú. Gbìyànjú èyí:

"Èèyàn méjì kú, mẹ́ta sì wà nílé ìwòsàn, lẹ́yìn tí iná jó ilé alájà mẹ́ta kan ní àdúgbò Lágbájá lóru ọjọ́ Ajé. Panapaná ní àwọn kò tíì mọ ohun tó dá iná náà sílẹ̀."

Ta ni, kí ló ṣẹlẹ̀, níbo, nígbà wo, gbogbo rẹ̀ ti wà níbẹ̀. Kí ló fà á? A ò tíì mọ̀, a sì sọ pé a ò tíì mọ̀. Ohun tó wúwo jù ló máa ń wà lókè, torí bí àyè bá há lójú ìwé, ìsàlẹ̀ ni mo ti ń gé e, mi ò sì ní pè ọ́ kí n tó gé e.

YáraBíÀṣá:
Ẹ má bínú o, ẹ̀yin àgbà, àmọ́ ayé ti yí. Bí àbúrò yìí bá ń wá onílé kiri, tó ń lọ dúró nílé ìwòsàn, gbogbo ojúlé ayélujára tó kù á ti gbé e jáde kó tó padà dé. Ọ̀gá kan náà tó ń bá a wí lónìí ló máa bi í lọ́la pé kí ló dé tá a fi kẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún un.

ÀgbàRẹ́díò:
Mo gbọ́, ìwọ Àṣá. Èmi tí mo ń ka ìròyìn ní gbogbo wákàtí, ṣé mo lè sọ pé ìyára ò ṣe pàtàkì? Bó o bá débẹ̀ tí iná ń jó, gbé e jáde lójú ẹsẹ̀: "Iná ń jó ilé kan báyìí, panapaná ti dé, a ò tíì mọ bóyá ẹnikẹ́ni fara pa." Ìyẹn yá, òótọ́ sì ni. Iye òkú tí o ò mọ̀ ni mo ní kó o má sáré lé.

Wo ìwé ìròyìn Chicago Tribune lọ́dún 1948. Àwọn tó ń to lẹ́tà fún wọn wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì, wọ́n sì ní láti tètè tẹ ìwé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Alẹ́ ìdìbò ààrẹ Amẹ́ríkà ni, láàárín Truman tó wà lórí oyè àti Dewey tó ń bá a du ú, ìbò ò tíì wọlé tán, wọ́n wo ohun tí gbogbo èèyàn ń retí, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ gàgàrà sójú ìwé àkọ́kọ́ pé Dewey ti na Truman. Truman ló wọlé, 303 sí 189 nínú ìbò àwọn aṣojú ìpínlẹ̀ tó ń yan ààrẹ. Ó gbé ẹ̀dà ìwé náà sókè nínú ọkọ̀ ojú irin, ó ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ya àwòrán rẹ̀. Gbogbo ìwé tí iléeṣẹ́ yẹn tẹ̀ lọ́dún yẹn, èyí yẹn nìkan làwa tá à ń gbé lókè òkun mọ̀.

YáraBíÀṣá:
Ó dáa, mo ti gbọ́ ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ ẹ sọ fáwọn ọ̀gá wa náà o.

ỌmọIléẸjọ́:
Ilé ẹjọ́ lèmi ti ń gbéṣẹ́ wá, ọ̀rọ̀ ẹnu ló sì ń ṣekú pani lọ́dọ̀ tiwa. Ẹni tí wọ́n mú, afurasí ni. Ẹni tí wọ́n gbé wá síwájú adájọ́, olùjẹ́jọ́ ni, wọ́n fẹ̀sùn kàn án. Ó di ìgbà tí adájọ́ bá ní ó jẹ̀bi kó o tó pè é ní ọ̀daràn. Mo ṣì ń rí àkọlé bíi "Ọwọ́ tẹ olè" lójoojúmọ́. Ta ló sọ fún yín pé olè ni? Bọ́rọ̀ bá yí bìrí, ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́ lo máa fi kálámù rẹ rà yẹn.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ìtanràn nìkan. Ní oṣù keje ọdún 1996, bọ́ǹbù bú gbàmù nínú ọgbà kan nílùú Atlanta ní Amẹ́ríkà nígbà ìdíje Òlíńpíìkì. Ọdẹ aláàbò kan, Richard Jewell, ló kọ́kọ́ rí àpò tí wọ́n gbé e sí, tó ń lé àwọn èèyàn kúrò níbẹ̀ kó tó bú. Ọjọ́ kẹta, ìròyìn jáde pé òun gan-an ni FBI, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, ń fura sí. Lóòótọ́ ni wọ́n ń fura sí i, kò sẹ́ni tó parọ́ níbẹ̀. Àmọ́ àwọn oníkámẹ́rà pàgọ́ síwájú ilé ìyá rẹ̀, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé ẹjọ́ ti parí. Oṣù kẹwàá ọdún yẹn ni ìjọba tó kọ̀wé pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ọdún 2005 ni Eric Rudolph tó ṣe é gan-an gbà pé òun jẹ̀bi. Ẹ kò ní rántí àwọn ìròyìn tó dá a láre tó bí ẹ ṣe máa rántí àwọn tàkọ́kọ́.

Nítorí náà, kó o tó kọ pé ìjọba ń fura sí ẹnìkan, bi ara rẹ léèrè ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ pé ìfura lásán ni, kọ ọ́ pé ìfura lásán ni, má fi àwòrán ojú rẹ̀ bo gbogbo ojú ìwé.

Awoyàwòrán:
Kí n dá sí ti WhatsApp. Bí àwòrán bá dé sọ́wọ́ rẹ, gbé e sórí Google kó o fi wá irú rẹ̀. TinEye náà ń ṣiṣẹ́ yẹn. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwòrán iná tí wọ́n ní ó ń jó lónìí ti jó lórílẹ̀-èdè míì ní bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Bó ò bá rí i, wo ohun tó wà lẹ́yìn àwòrán: pátákó tí wọ́n kọ nǹkan sí, nọ́ńbà ọkọ̀, aṣọ tí wọ́n wọ̀, ibi tí òjìji dojú kọ.

Ẹ̀tàn mìíràn: WhatsApp máa ń bọ́ ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti ya àwòrán kúrò lára rẹ̀. Nítorí náà, wá ẹni tó yà á gan-an, kó fi ránṣẹ́ bíi fáìlì, kó sì fi èyí tó yà ṣáájú àti èyí tó yà lẹ́yìn kún un. Ẹni tó wà níbẹ̀ lóòótọ́ kì í sábà ya ẹyọ kan. Ẹni tó bá ní ẹyọ kan ṣoṣo lòun ní, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ló ti rí i.

ÀǹtíKálámù:
OṣùMẹ́ta, ọkọ mi, kò sẹ́ni tó tíì bi ọ́ nípa ẹbí àwọn méjì tó kú. Ṣé o dé ọ̀dọ̀ wọn?

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n rán mi sí ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú, mo jókòó, mo tan ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀, mo ní, "Mà, báwo ló ṣe ń ṣe yín?" Obìnrin náà wò mí títí. Ó ní, "Ìwọ rò pé báwo ló ṣe ń ṣe mí?" Mi ò ní ìdáhùn. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

Mi ò béèrè ìyẹn mọ́ láti ìgbà náà. Bí mo bá dé, mo máa kọ́kọ́ sọ orúkọ mi àti ibi tí mo ti wá, mo máa sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n bá sọ, àwọn àjèjì máa kà á, àti pé wọ́n lè ní kí n máa lọ. Àwọn kan máa ń ní kí n máa lọ, mo sì máa ń lọ. Bí wọ́n bá gbà, mo máa gbé fóònù sórí tábìlì níbi tí gbogbo wọn ti lè rí i, kì í ṣe sínú àpò. Lẹ́yìn náà mo máa béèrè irú èèyàn tó jẹ́. Kí ló máa ń pa á lẹ́rìn-ín? Ta ló kẹ́yìn bá a sọ̀rọ̀? Ìyá kan sọ fún mi pé ọmọ òun kì í so okùn bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, òun ló máa ń so ó fún un lẹ́nu ọ̀nà, pé bàtà náà ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà bó ṣe bọ́ ọ. Mi ò lo ọ̀rọ̀ mìíràn tó jùyẹn lọ nínú ìròyìn náà.

Kí n tó dìde, mo máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ orúkọ olóògbé sínú ìwé mi, kí ó má baà sí àṣìkọ kankan. Bóyá ohun tó kẹ́yìn tí ayé máa kọ nípa ẹni yẹn nìyẹn. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má kọ orúkọ òkú sórí ayélujára kí ẹbí tó gbọ́. Mo mọ ẹni tó jẹ́ pé orí fóònù ló ti kà á pé àbúrò òun ti kú.

OṣùMẹ́ta:
Ẹ ṣé, Àǹtí. Mi ò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ojú ń tì mí.

Ìbéèrè kan: ẹnìkan tó ń gbé nínú ilé náà ní òun máa sọ bọ́rọ̀ epo ṣe rí, àmọ́ kí n má dárúkọ òun, torí onílé lè lé òun. Ṣé mo lè fi orúkọ rẹ̀ pa mọ́ fún olótùú náà?

OlótùúÒru:
Rárá. Òǹkàwé lè má mọ̀ ọ́n, èmi gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí akọ̀ròyìn méjì, Woodward àti Bernstein, ń ṣe ọ̀rọ̀ Watergate, ìwà àìtọ́ tó mú kí Nixon, ààrẹ Amẹ́ríkà, kọ̀wé fipò sílẹ̀, fún ìwé ìròyìn Washington Post láti ọdún 1972, wọ́n ní ẹnìkan nínú ìjọba tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́, wọn ò sì tú u fáyé títí di ọdún 2005 tí Mark Felt fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ni. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Bó o bá ṣèlérí, irú ìlérí yẹn ni. Ìwé ìròyìn kan náà yẹn ló tún gbé ìròyìn kan jáde lọ́dún 1980 nípa ọmọ ọdún mẹ́jọ kan tí wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́ oògùn olóró. Janet Cooke tó kọ ọ́ ní òun ti ṣèlérí láti má tú orúkọ ọmọ náà, àwọn ọ̀gá rẹ̀ ò sì fi dandan lé e pé kó jẹ́ kí àwọn mọ̀ ọ́n. Ó gba ẹ̀bùn Pulitzer, ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n fi ń yẹ́ akọ̀ròyìn sí ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1981. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, ó jẹ́wọ́ pé ọmọ náà ò sí níbì kankan, wọ́n sì dá ẹ̀bùn padà. Ẹ wá gbọ́ o: Woodward kan náà wà lára àwọn ọ̀gá tó gbà kí ìròyìn náà jáde.

Nítorí náà, sọ fún ayálégbé yẹn kó tó la ẹnu pé olótùú rẹ máa mọ orúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kó o bi í pé ṣé ó fojú rí epo náà ni, àbí wọ́n ní. Ẹni tó ń bá onílé jà lè ní ìdí tirẹ̀ tó fi ń sọ̀rọ̀.

ỌmọIléẸjọ́:
Àti pé bí onílé bá fún ọ ní àpòòwé nígbà tó o bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, má gbà á, ì báà jẹ́ pé "owó ọkọ̀" ló pè é. Bí wọ́n bá rí i lọ́wọ́ rẹ, àtúnṣe tó o bá kọ, kódà bó jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé, kò ní ta létí ẹnikẹ́ni.

OṣùMẹ́ta:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo lọ.

Mo kọ́kọ́ wá ọkùnrin tó ní èèyàn márùn-ún ló kú. Mo bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Ó gbé fóònù rẹ̀ jáde, ó fi ọ̀rọ̀ kan náà tí èmi náà kà lórí WhatsApp hàn mí.

Lẹ́yìn náà ni mo pe onílé. Ìdún kìíní ló gbé e. Mo ti múra èébú sílẹ̀, kò bú mi. Ó ní ká jọ lọ síbẹ̀. Abẹ́ àtẹ̀gùn ti wó lulẹ̀, kò sí ohun tí èèyàn lè rí níbẹ̀ ju eérú àti irin lọ. Ó ní òun ò kó epo síbẹ̀ rí. Ó dúró síwájú ògiri tí nọ́ńbà rẹ̀ wà, ó ní, "Ṣé o máa kọ èyí náà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Àtúnṣe máa jáde lọ́la. Olótùú ní ojú ìwé kan náà tí ìròyìn àkọ́kọ́ wà ni yóò wà, àti pé ti orí ayélujára máa wà lókè ìròyìn náà, kí a sì sọ ohun tá a ṣì gan-an. Ayálégbé yẹn ò fojú rí epo. Wọ́n ní ni.

Ṣé kí n wá kọ ọ́ nínú àtúnṣe pé kò sí epo lábẹ́ àtẹ̀gùn?

ÀgbàRẹ́díò:
Ṣé o rí i pé kò sí?

OṣùMẹ́ta:
Rárá. Eérú ni mo rí.

ÀgbàRẹ́díò:
Ẹn-ẹ́n. Kọ ọ́ pé onílé ní òun ò kó epo síbẹ̀, pé ìròyìn ìṣáájú ò gbọ́ tẹnu rẹ̀, àti pé iye òkú tá a kọ kì í ṣe òótọ́. Panapaná ńkọ́?

OṣùMẹ́ta:
Wọ́n ní Ọjọ́bọ̀ ni ìwádìí àwọn máa jáde.

ÀgbàRẹ́díò:
Ó dáa. Ọjọ́bọ̀, wà níbẹ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn.

ÀǹtíKálámù:
Kó o tó lọ síbẹ̀, ya ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí. Mú ìwé àti bíírò tó ń kọ dáadáa dání.